Másítàsì Population Health Management: kì í ṣe ìkànìyàn, kì í sì í ṣe ìfètòsọ́mọ́bíbí

Lẹ́tà ìgbaniwọlé dé láti yunifásítì, inú gbogbo ilé dùn. Bàbá béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kọ́, ọmọ ní Population Health Management ni. Bàbá ní, "Àwọn tó ń ka èèyàn?" Ìyá ní ó jọ ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọ́bíbí létí òun. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé MPH náà ni, ìyẹn másítàsì ìlera ará ìlú, orúkọ ni wọ́n kàn yí padà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì í, a ò sì lè bá wọn wí, torí àwọn iléèwé pàápàá kì í sábà túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà.

"Population" ló fa gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde ni ètò ìkànìyàn àti ìpolówó pé kí ẹ bí ìwọ̀nba ọmọ. Nínú iṣẹ́ yìí, agbo ló túmọ̀ sí: àwọn èèyàn kan pàtó tí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀, tí ẹnì kan sì gbà pé ìlera wọn wà lọ́rùn òun. Wọ́n lè jẹ́ gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kan ní Peckham, tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tí adójútòfò ń sanwó ìtọ́jú wọn, tàbí gbogbo alátọ̀gbẹ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan. Ẹni tí kò bá lè sọ ẹni tó wà nínú agbo rẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

## Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ dókítà?

Ẹ wo bí dókítà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó, aláìsàn wọlé, ó tọ́jú rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn. Ẹni tí kò wá kò sí lójú rẹ̀. Alájọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alájọ ní ìwé orúkọ lọ́wọ́, ó mọ ẹni tó ti dá tòní àti ẹni tí kò tí ì dá. Tí ìyá aláta ò bá sí ní ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, alájọ á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìsọ̀ kejì. Alájọ ìlera ni ẹni tó ń ṣe Population Health Management. Ìbéèrè tó fi ń jí láràárọ̀ ni: "Ta ni kò wá?"

Ìtumọ̀ kan wà tí ẹ ó máa bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ yìí, èyí tí David Kindig àti Greg Stoddart kọ ní 2003. Wọ́n ní ìlera agbo ni bí ara àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe rí, pẹ̀lú bí ìlera náà ṣe pín láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka apá kìíní kí wọ́n sì fo ìkejì, bẹ́ẹ̀ ìkejì ni iṣẹ́ wà. Ẹ mú òpópónà méjì, èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá. A wọn BP gbogbo wọn. Ní òpópónà kìíní, nọ́ńbà òkè gbogbo wọn jẹ́ 130. Ní ìkejì, ti àwọn mẹ́jọ jẹ́ 115, ti àwọn méjì yòókù jẹ́ 190. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá: 130 ni ẹ ó bá ní òpópónà méjèèjì. Ẹni tó bá gbójú lé 130 yẹn nìkan á ní bákan náà ni wọ́n rí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni méjì wà ní ìkejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ lè gbé ṣubú nígbàkigbà.

## Ta ló ń sanwó, kí sì nìdí tí wọ́n fi fẹ́ kẹ́ ẹ má wá?

Owó ló bí iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò bá mọ ìyẹn á kàn máa ka ìwé lásán ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọsibítù bá ṣe ni wọ́n ń sanwó fún: àyẹ̀wò kan, owó kan, iṣẹ́ abẹ kan, owó kan. Aláìsàn tó bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó tuntun ló dé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má wo èèyàn sàn, ṣùgbọ́n kò sówó nínú kí èèyàn jókòó sílé ní àlàáfíà.

Òfin ìlera tí Obama fọwọ́ sí ní 2010 yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà. Láti October 2012 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ti ń gé owó ọsibítù tí àwọn aláìsàn rẹ̀ bá ń padà wọlé ju bó ṣe yẹ lọ láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Gígé náà lè dé ìdá 3 nínú 100. Ọdún 2012 yẹn náà ni ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀, tí àwọn dókítà àti ọsibítù tó bá kóra jọ fi lè gba ìpín nínú owó tí wọ́n bá bá Medicare dín kù, bí iṣẹ́ wọn bá ṣì dára. Bí aláìsàn tó jókòó sílé ní àlàáfíà ṣe di owó nìyẹn. Ọsibítù wá ń wá ẹni tó lè sọ fún un, kó tó ṣẹlẹ̀, ta ló fẹ́ ṣubú. Thomas Jefferson University ní Philadelphia ti rí i tẹ́lẹ̀: 2008 ni wọ́n dá odindi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún population health. Johns Hopkins náà ní másítàsì tó ń jẹ́ orúkọ yìí gan-an.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé iye orúkọ tó wà lọ́wọ́ dókítà àdúgbò ni wọ́n fi ń ṣírò púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Òfin 2022 wá pín gbogbo England sí àgbájọ ìlera 42 láti July ọdún náà, tí ọsibítù, dókítà àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀ fi ń pawọ́ pọ̀ bójú tó agbo kan. Nílé ńkọ́? Lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, iye orí tó forúkọ sílẹ̀ ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fi ń gbowó lóṣooṣù, yálà èèyàn wá tàbí kò wá. Ọ̀nà méjì ni ilé ìwòsàn tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lè gbà kí ẹ má baà wá: kó mú yín lára dá, tàbí kó jẹ́ kí ìjókòó wákàtí mẹ́fà lé yín lọ. Ọ̀nà kejì ò nílò másítàsì.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn kan tó ní orúkọ 10,000 lákọsílẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà tó ń bọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn.

Àtúnṣe àkójọ ló ṣáájú, òun ló sì ń jẹ ọjọ́ jù. Ẹni tó ti kú ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti kó lọ sí Manchester ṣì wà níbẹ̀. Adéwálé kan wà tó jẹ́ Adewale lọ́dọ̀ dókítà, Ade Wale ní ọsibítù, Wale ní ilé oògùn. Ẹni kan ti di mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà tún lè ṣi iṣẹ́ ṣe lódì kejì. Orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ló máa ń wò láti mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni ìwé méjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wá gbé Táyé àti Kẹ́hìndé síwájú rẹ̀: orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan. Bí ẹni tó kọ ètò rẹ̀ ò bá ronú kan ìbejì, á sọ wọ́n di ẹyọ kan, oògùn Táyé á sì bọ́ sínú ìwé Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá ti dé Igbó-Ọrà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún wa. Ká ní lẹ́yìn àtúnṣe, orúkọ 9,600 ló kù.

Lẹ́yìn náà ni pínpín. A yan àtọ̀gbẹ, a rí 700. A wo HbA1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn; ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣọ́ra lẹ́nu ò lè fi tàn án jẹ. Láti 6.5 ni wọ́n ti ń pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Ẹni tó bá kọjá 9, ṣúgà rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú. Ká ní àwọn tó kọjá 9 jẹ́ 90, àwọn tí kò sì ṣe àyẹ̀wò rárá lọ́dún yìí jẹ́ 60.

Ẹ dúró níbi 60 yẹn, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà ń ṣubú. Bí a bá yọ wọ́n kúrò torí pé a ò mọ ti wọn, 90 nínú 640 ni àwọn tí ṣúgà wọn burú, bí ìdá 14 nínú 100. Bí a bá kà wọ́n mọ́ àwọn tó burú, 150 nínú 700 ni, ìdá 21 ó lé díẹ̀. Ara ẹnikẹ́ni ò yá sí i láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Ibi tí a ka 60 yẹn sí la kàn yí padà. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tí àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà ń lò fi ka ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò mọ́ àwọn tó kùnà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ dára kò ní jẹ́ kí aláìsàn tí ṣúgà rẹ̀ burú fẹ̀yìn kan àga àyẹ̀wò.

Ó wá ku pípè. Bí nọ́ọ̀sì kan bá lè pe ẹni 15 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni 150 máa gbà, torí náà wọ́n ní láti mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ẹ gbọ́ bí ìpè kan ṣe lè lọ:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, láti ọ̀dọ̀ dókítà yín. Mummy, ẹ ò tí ì wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà yín láti ọdún tó kọjá o."

"Ọmọ mi, mo ń retí kẹ́ ẹ pè mí ni. Ẹ ò pè mí."

"A fi text ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mà. Nọ́ńbà tó parí sí 42 ńkọ́?"

"Áà, ti Túndé nìyẹn, ọmọ ọmọ mi. Ó ti wà ní Leeds láti ọjọ́ yìí."

Kò sí oògùn tó lè wo ìyẹn sàn. Nọ́ńbà fóònù ni àìsàn ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó rí ẹni tí bọ́ọ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó ń sùn nígbà tí ilé ìwòsàn bá ṣí, ẹni tó ń pín oògùn rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ tán. Àwọn olùkọ́ á ní kẹ́ ẹ kọ gbogbo ìdí wọ̀nyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ wá yan èyí tó ń dí èèyàn púpọ̀ jù lọ́wọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dá ojútùú lé gbogbo 150 lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dán an wò lára ẹni márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ibi tó kù sí, ẹ tún un ṣe, ẹ lọ sórí ogún. Ìgbà tó bá dúró ni yóò kan gbogbo wọn.

## Ibo ló ti ń dojú rú?

Ìtàn méjì wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gboyè nínú ẹ̀kọ́ yìí láìmọ̀.

Àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2019. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà ń lò láti yan aláìsàn tó nílò àfikún ìtọ́jú. Owó tí wọ́n ti ná lórí èèyàn ló fi ń mọ bí àìsàn rẹ̀ ṣe le tó. Ó jọ ohun tó mọ́gbọ́n dání: ẹni tára rẹ̀ ò yá jù ló yẹ kó ná owó jù. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú tó ń ṣàìsàn bákan náà pẹ̀lú aláwọ̀ funfun, owó tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ kéré, torí ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ dókítà jìn sí i. Kọ̀ǹpútà wo owó kékeré yẹn, ó ní ara rẹ̀ le. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀, ìdá 17.7 nínú 100 ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí ètò náà yàn. Bí kò bá sí èrú inú rẹ̀, 46.5 ni ì bá jẹ́. Ìlà ẹ̀yà kankan ò sì sí nínú dátà tí wọ́n fún un. Ohun tí wọ́n fi dípò àìsàn, ìyẹn owó, ló gbé e wọlé.

Ìkejì wá láti Camden, ní New Jersey. Àjọ kan níbẹ̀, Camden Coalition, ń wá àwọn tó ń wọ ọsibítù léraléra, ó ń rán nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ àwùjọ sílé wọn. Òkìkí rẹ̀ kàn, torí pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ò wọ ọsibítù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe: wọ́n mú aláìsàn 800, wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì, apá kan gba ìrànlọ́wọ́ náà, apá kejì gba ìtọ́jú tí gbogbo èèyàn ń gbà. Èsì jáde ní January 2020. Láàárín ọjọ́ 180, ìdá 62.3 nínú 100 àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ ló padà sí ọsibítù. Ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 61.7.

Kí ló ti ń mú kí ó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá wọn odò Ògùn lọ́jọ́ tó kún jù, tó wá padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á bá a pé ó ti fà, yálà ó ṣètùtù tàbí kò ṣe. Ìgbà tí ara èèyàn bá burú jù ni wọ́n ń yan wọn sínú irú ètò yìí. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn á fúyẹ́ díẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ẹni tí kò bá sì ní agbo tó lè fi wé tirẹ̀ á gba ìyìn ohun tí kò ṣe. Bí ẹ bá rí ìròyìn èyíkéyìí pé ètò ìlera kan "dín wíwọ ọsibítù kù", ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ó ní àwọn tó fi wé e.

## Ṣé MPH kọ́ nìyẹn?

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. MPH ń wo gbogbo ará ìlú, títí kan ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan: omi mímu, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àjàkálẹ̀ àrùn, òfin sìgá. Ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé ló sábà ń wá a. MHA ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń darí ọsibítù fúnra rẹ̀, owó rẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀. Health informatics wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé dátà rìn. Population Health Management jókòó láàárín gbogbo wọn, ẹni tó sì ń gba àwọn tó kọ́ ọ síṣẹ́ jù ni ẹni tí àkójọ orúkọ àti owó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọsibítù, adójútòfò, àgbájọ ìlera. Ẹni tó bá ń fọkàn sí iṣẹ́ WHO, kó lọ ṣe MPH.

Ohun kan tí Population Health Management kò ṣe: kì í sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ kò ní rí i gbà nípasẹ̀ rẹ̀, ohun yòówù kí éjẹ́ǹtì sọ.

## Báwo ni iṣẹ́ inú kíláàsì ṣe pọ̀ tó?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kírẹ́dítì 180 ni másítàsì, wákàtí 10 sì ni wọ́n ń ka kírẹ́dítì kan sí. Wákàtí 1,800 nìyẹn. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 45, ó jẹ́ 40 lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ òòjọ́ gidi. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ń gba èèyàn láyè iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lásìkò ẹ̀kọ́. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ó máa fowó ránṣẹ́ sílé.

Ìṣirò ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Ẹni tó bá lè ṣe ìdá, tó sì lè fi sùúrù lo Excel, ti dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n á kọ́ ọ ní R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, tàbí irú rẹ̀, nígbà mìíràn SQL, èyí tí wọ́n fi ń yọ dátà jáde nínú àkójọ. Ẹ tètè kọ́ bí a ṣe ń fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí, torí ìlú tó kún fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì á máa sin òkú ju ìlú akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ìyẹn ò sì sọ pé ọsibítù rẹ̀ burú.

## Kí lẹ máa béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó?

Ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà? Ọ̀pọ̀ másítàsì yìí ní Amẹ́ríkà, ti Johns Hopkins wà lára wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó dára fún ẹni tó ti níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gba físà akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé ìdílé ń bá yín lọ? Láti January 2024, ẹni tó ń lọ ṣe másítàsì inú kíláàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi físà rẹ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi bó bá jẹ́ pé ìjọba ló fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́.

Ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá ń béèrè MPH lórúkọ? Ní Amẹ́ríkà, CEPH, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú wò, ló ń fọwọ́ sí MPH, kírẹ́dítì rẹ̀, ní ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ò sì gbọ́dọ̀ dín ní 42. Másítàsì tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn lè kéré sí i, owó rẹ̀ á sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ MPH sínú ìpolówó iṣẹ́ rẹ̀ lè má gbà á dípò.

Ta ni yóò fún yín ní dátà fún iṣẹ́ àṣekágbá? Èyí ni wọn kì í béèrè, òun ló sì ń dá èèyàn dúró jù. Kò sí ọsibítù tó ń gbé ìwé aláìsàn fún akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà lè gba oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà bóyá wọ́n ní dátà tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ dátà ọsibítù tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nílé lẹ fẹ́ lò, ẹ gba lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìwádìí ọsibítù náà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, kí orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò àti ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ wò sì wà nínú rẹ̀, torí ìgbìmọ̀ ti yunifásítì yín náà máa béèrè rẹ̀.